Ibi Iṣẹ́ Ni Lókéṣàn: Ohun Tó Ń Ṣẹlẹ̀ Kí Fíìmù Tó Dé Ojú Wa

Ìgbìmọ̀ tó pe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ní Akínmọ̀ọ́rìn, ní Afijió, ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù. Àwọn tó ń wo fíìmù Yorùbá nínú ilé wọn pọ̀ bí nǹkan míì, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ bí ìṣẹ́jú kan nínú rẹ̀ ṣe ń di ṣíṣe kò tó nǹkan. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kò gùn lẹ́nu, àlàyé rẹ̀ ló gùn: ibi iṣẹ́ ni lókéṣàn, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù, bíi ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé alájà mẹ́ta, níbi tí ẹ̀mí ẹni tó wà lókè ti wà lọ́wọ́ ẹni tó di àkàbà mú nísàlẹ̀. Bí ètò bá wà níbẹ̀, fíìmù á dùn ún wò, gbogbo ẹni tó jáde nílé láàárọ̀ á sì padà sílé lálẹ́. Bí ètò kò bá sí, òkìkí òṣèré kò lè gba iṣẹ́ náà là, èèyàn sì lè bá a lọ. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí ìlú tó bá fẹ́ gba àwọn eléré lálejò bèèrè nípa ètò wọn kí ó tó bèèrè orúkọ òṣèré tó ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ìran kékeré kan wò. Bàbá kan jókòó sábẹ́ igi lẹ́yìnkùlé, ó ń mu ọsàn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wá kúnlẹ̀ kí i, ó jókòó tì í, ó sì sọ fún un pé òun ti rí ẹni tí òun fẹ́ fẹ́. Ó dárúkọ ọkùnrin náà. Bàbá dákẹ́, ọsàn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú òǹwòran, ìṣẹ́jú méjì péré ni. Níbi tí wọ́n ti ń yà á, ó lè gba odindi òwúrọ̀. Kámẹ́rà kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń lò, kò sì lè wà níbi mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé e jìnnà kí bàbá, ọmọ, igi àti ògiri ilé lè hàn pọ̀, àwọn òṣèré á sì ṣe ìran náà látòkèdélẹ̀. Wọ́n á gbé kámẹ́rà súnmọ́ ojú bàbá, wọ́n á tún un ṣe látòkèdélẹ̀. Wọ́n á yí i sí ojú ọmọ, wọ́n á tún un ṣe. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n á wá ya ọwọ́ nìkan, níbi tí ọsàn ti ń bọ́. Bí òṣèré bá ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ, bí àkùkọ bá kọ, bí ọ̀kadà bá kọjá, èyí tí wọ́n ti ṣe bàjẹ́ nìyẹn, wọ́n á tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ibi ọsàn gan-an ni iṣẹ́ ti le jù. Tí wọ́n bá ń so àwọn àwòrán náà pọ̀ lẹ́yìn náà, ojú bàbá tí wọ́n yà ní aago mẹ́sàn-án yóò tẹ̀ lé ojú ọmọ tí wọ́n yà ní aago mọ́kànlá, bí ẹni pé ìgbà kan náà ni. Bí ọsàn bá wà lódindi nínú ọ̀kan, tó sì ti rọ̀ pẹ̀lẹ́bẹ́ nínú èkejì, ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ń wò ó nílé á rí i, ọkàn rẹ̀ á sì kúrò lára ìtàn. Ẹnì kan wà lókéṣàn tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa wò, kí ó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Kọntinúítì ni wọ́n ń pè é. Òun ló kọ ọ́ pé ọwọ́ òsì ni bàbá fi mú ọsàn, pé ìgbà tí ọmọ dárúkọ ọkùnrin náà ni bàbá fún un lẹ́nu lẹ́ẹ̀kẹta, pé fìlà rẹ̀ tẹ̀ sí ọ̀tún, pé èèpo ọsàn kan wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹlòmíì wà lẹ́yìn ilé tó ń bó ọsàn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ tóbi bákan náà, tí ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ gba orí wọn bákan náà. Ẹ̀yin ará Afijió mọ ọsàn Fìdítì ju mí lọ, ẹ ò sì ní jiyàn bí mo bá sọ pé agbọ̀n kan lè tán sórí ìran ìṣẹ́jú méjì.

Oòrùn náà kò dúró de ẹnikẹ́ni. Òjìji igi tó bo èjìká bàbá láàárọ̀ ti yẹra kúrò lára rẹ̀ kí ó tó di ọ̀sán, nítorí náà àwọn tó ń bójú tó iná á na aṣọ funfun fẹ̀ sókè láti dín oòrùn kù, tàbí kí wọ́n gbé pátákó funfun dání láti dá ìmọ́lẹ̀ padà sí ojú òṣèré. Ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ ní ìṣòro tirẹ̀. Ẹ̀rọ ìlọta wà ní ilé kẹta, jẹnẹrétọ̀ ń dún ní ìsọ̀ onírun, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lu ewé. Èdè tí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ fi ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ ni èdè wa, èdè bẹ́ẹ̀ kì í fara da ariwo. Bí ohùn bá ti rì sábẹ́ ariwo, ìtumọ̀ ti bá a rì. Tí ìran bá parí, ẹni tó ń gba ohùn yìí á bẹ gbogbo èèyàn pé kí wọ́n dúró gbọnyin, kí wọ́n má sọ̀rọ̀, kí wọ́n má gbé ẹsẹ̀, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Ó ń gba ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ sílẹ̀ ni. Ìdákẹ́jẹ́ abẹ́ igi kò dún bí ìdákẹ́jẹ́ inú yàrá, tí wọ́n bá sì fẹ́ dí àlàfo láàárín ọ̀rọ̀ méjì nígbà ìsopọ̀, ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ gan-an ni wọ́n nílò. Àwọn tó bá ń rojọ́ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n rò pé iṣẹ́ ti parí, kò mọ̀ pé fíìmù ni wọ́n ń bàjẹ́ lọ yẹn.

Ariwo tí a máa ń gbọ́ pé wọ́n ń pa, ákíṣọ̀n àti kọ́ọ̀tì, kì í ṣe àṣehàn. Kí olùdarí tó pè é, igbákejì rẹ̀ á ti ké pé kí gbogbo èèyàn dákẹ́. Ẹni tó ń gba ohùn á fèsì pé ẹ̀rọ òun ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó di kámẹ́rà mú á fèsì pé òun náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á gbé pátákó kékeré tí wọ́n kọ nọ́ńbà ìran sí síwájú kámẹ́rà, á pa ẹnu rẹ̀ dé pàkà: nípa ìró yẹn ni àwọn tó ń so fíìmù pọ̀ fi ń mú kí ohùn àti ẹnu òṣèré bára mu. Ìgbà tí gbogbo ìdáhùn wọ̀nyí bá ti pé ni olùdarí tó lè sọ pé ó yá. Ẹ kíyè sí i dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé. Iṣẹ́ kò bẹ̀rẹ̀ àfi ìgbà tí olórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan bá ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọ̀dọ̀ òun dára. Agbára tí èyí fún òṣìṣẹ́ pọ̀ púpọ̀: ẹni tó kéré jù níbẹ̀ lè sọ pé kò tíì yá, olùdarí tó gbajúmọ̀ jù á sì dúró. Níbi tí wọn kò bá ti gba èyí láyè, níbi tí olówó fíìmù bá ti ń pariwo pé ilẹ̀ ti ń ṣú, ẹ ṣáà máa ya, ohun búburú ti wà ní ẹnu ọ̀nà.

Wọn kì í sì ya ìtàn bó ṣe tẹ̀ léra. Ibi tí wọ́n wà ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Bí ìgbéyàwó bá wáyé nínú àgbàlá kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn, tí ìsìnkú sì wáyé nínú àgbàlá yẹn kan náà ní ìparí, ọjọ́ kan ni wọ́n á ya méjèèjì, nítorí owó àgbàlá àti owó ọkọ̀ ni wọ́n ń ṣírò. Òṣèrébìnrin tó fi omijé sin ọkọ láàárọ̀ á lọ wọ aṣọ òkè lọ́sàn-án láti fẹ́ ọkọ náà. Kò sí bí èyí ṣe lè ṣeé ṣe láìsí ìwé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ iṣẹ́ tó mọ́, ìwé ètò ọjọ́ náà gbọ́dọ̀ ti dé ọwọ́ gbogbo èèyàn: ìran wo, aago mélòó, aṣọ wo, ta ni yóò kọ́kọ́ jókòó fún mékọ́ọ̀pù, ibo ni ilé ìwòsàn tó súnmọ́ jù wà. Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń gbàgbé láti kọ.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti máa sọ lọ́kàn pé, kí ni gbogbo wàhálà yìí? Ṣebí àwọn alárìnjò ìgbà àtijọ́ kò ní ìwé, wọn kò ní kọntinúítì, eré wọn sì dùn? Ọ̀rọ̀ gidi ni, ó sì yẹ kó ní ìdáhùn gidi. Eré alárìnjò àti ti orí ìtàgé, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń ṣe é, níwájú èèyàn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí òṣèré bá gbàgbé ọ̀rọ̀, ẹnìkejì á gbà á mú, onílù á fi ìlù bò ó, èrò ìwòran á pàtẹ́wọ́. Kámẹ́rà ló tú ìtàn sí wẹ́wẹ́, ohun tí a bá sì ti tú sí wẹ́wẹ́ gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń ka iye rẹ̀. Àwọn àgbà wa fúnra wọn mọ èyí. Nígbà tí Hubert Ògúńdé, tó ti wà lórí ìtàgé láti àwọn ọdún 1940, fẹ́ wọ inú fíìmù pẹ̀lú Ayé ní 1979, kò sọ pé òkìkí òun tó. Ó pe Ọlá Balógun, tó ti darí Àjàní Ògún ní 1976, fíìmù tó gbé Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo wa mọ̀ sí Adé Love jáde, kí ó wá darí. Ó gba ayàwòrán tó mọṣẹ́. Jáiyésinmi dé ní 1980, Àròpin N Tènìyàn ní 1982, ó sì kọ́ abúlé fíìmù sí Ọ̀sọsà ìlú rẹ̀, kí iṣẹ́ lè ní ilé tirẹ̀. Ẹni tó fi ọgbọ́n ara rẹ̀ dá ẹgbẹ́ eré sílẹ̀ ló tún lọ wá ọgbọ́n kún ọgbọ́n nígbà tó rí i pé iṣẹ́ mìíràn ni èyí.

Ẹ ronú sí bí wọ́n ṣe ń mú kí èèyàn pòórá lójú fíìmù ayé ọjọ́un, ohun tó ń mú wa dìde lórí àga nílé sinimá. Kámẹ́rà á dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, wọn kò ní jẹ́ kí ó mì. Ẹni tó fẹ́ pòórá á dé ibi tí wọ́n fi àmì sí. Wọ́n á dá kámẹ́rà dúró, gbogbo àwọn tó kù nínú ìran náà á dúró bí ère, ẹni yẹn á jáde lọ, wọ́n á tún kámẹ́rà tàn. Tí ẹnì kan bá yí ọrùn díẹ̀, tí afẹ́fẹ́ bá gbé aṣọ rẹ̀ sí apá kejì, àṣírí ti tú. Ètò àti sùúrù ni oògùn náà. Ìgbà yẹn sì jẹ́ ìgbà sẹ́lúlọ́ìdì; rólù fíìmù oní-16mm tó gùn ní 400 ẹsẹ̀ bàtà kò gba ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mọ́kànlá lọ, owó òkèèrè ni wọ́n fi ń rà á, òkè òkun ni wọ́n sì ń gbé e lọ fọ̀. Àṣìṣe tí wọ́n bá ṣe lónìí, ó di ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó rí i, ìgbà yẹn àwọn òṣèré ti tú ká. Ìbẹ̀rù owó yìí ló sọ àwọn tó ń ya fíìmù di aláfarabalẹ̀. Wọ́n ń dánrawò kí wọ́n tó tan kámẹ́rà.

Nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé SAP ti ọdún 1986 já owó náírà lulẹ̀, sẹ́lúlọ́ìdì kọjá agbára àwọn eléré wa, wọ́n sì sá di fídíò. Fídíò gba iṣẹ́ náà là, n kò ní sẹ́ ẹ; bí kì í bá ṣe fídíò, òṣèré Yorùbá ì bá ti jókòó sílé. Ṣùgbọ́n téèpù tí èèyàn lè pa rẹ́ kó tún lò mú kí ọ̀pọ̀ rò pé ìmúrasílẹ̀ kò pọn dandan mọ́. Fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í jáde tí wọ́n fi ọjọ́ díẹ̀ yà, tí jẹnẹrétọ̀ ń ké lábẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́, tí ìyàwó wọlé pẹ̀lú gèlè pupa tó sì jókòó pẹ̀lú gèlè búlúù. Pé èyí kì í ṣe ẹ̀bi fídíò, Túndé Kèlání ló fi hàn wá. Ẹni tó ti fi kámẹ́rà ṣiṣẹ́ láyé sẹ́lúlọ́ìdì ni, tó kọ́ iṣẹ́ náà ní London Film School, ó sì gbé ìwà ọjọ́un wọ inú fídíò. Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ jáde ní 1993, Ó Le Kú ní 1997, Ṣaworoidẹ ní 1999. Ìtàn Ṣaworoidẹ ti ọwọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá wá. Adébáyọ̀ Fálétí, ọmọ Ọ̀yọ́ aládùúgbò wa níhìn-ín, ló ṣe Bàbá Ọ̀pálábá nínú rẹ̀. Fálétí kò ti ìtàgé nìkan wá. Ó ti ṣiṣẹ́ ní WNTV n'Íbàdàn, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ ní 1959, ó mọ ohun tí kámẹ́rà ń fẹ́. Bí ẹ bá tún wo fíìmù náà, ẹ gbọ́ bí ìlù ṣe ń dún ketekete tí ẹnu òṣèré kò sì bò ó. Ẹnì kan ló jókòó tì í kí ó lè rí bẹ́ẹ̀.

Títí dé ibi tí a dé yìí, mo ń sọ̀rọ̀ ètò bí ẹni pé ẹwà fíìmù nìkan ló wà fún. Ó tún wà fún ẹ̀mí. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin ọdún 2024, òṣèré Junior Pope Odonwodo àti àwọn mìíràn nínú àwọn tó ń ya fíìmù kú lójú omi ní agbègbè Anam, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi tó gbé wọn ní jàǹbá. Èèyàn márùn-ún ló kú lápapọ̀. Fídíò tí òun fúnra rẹ̀ ṣe nínú ọkọ̀ ojú omi, tí gbogbo ayé rí lẹ́yìn ikú rẹ̀, fi hàn pé kò wọ ẹ̀wù tí ń mú èèyàn léfòó. Ẹ̀wù yẹn kò wọ́n tó owó mékọ́ọ̀pù ọjọ́ méjì. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àìní ló fà á, pé àwọn òyìnbó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, ní New Mexico lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ìbọn tí Alec Baldwin dì mú níbi tí wọ́n ti ń múra ìran kan fún fíìmù Rust yìn, ó pa Halyna Hutchins tó jẹ́ olórí ayàwòrán. Ọta gidi ló wà nínú ìbọn náà. Kí wọ́n tó gbé e fún òṣèré, igbákejì olùdarí ti kéde pé kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, àwọn kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ kámẹ́rà ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ìráhùn wọn lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà. Ilé ẹjọ́ dá ẹni tó ń tọ́jú ìbọn lẹ́bi ní 2024, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n oṣù méjìdínlógún. Ẹnì kan sọ pé ó yá nígbà tí kò tíì yá. Ohun tó pa obìnrin yẹn nìyẹn.

Àwọn olówó fíìmù á ní ètò ń gba owó, owó kò sì sí. Mo gbà pé owó kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àìsí ètò fúnra rẹ̀ ń náni. Ogójì èèyàn tó jókòó láti aago méje dé aago méjìlá nítorí pé ẹnì kan gbàgbé aṣọ ọba sílé n'Íbàdàn, wọ́n ti jẹun, ọkọ̀ wọn ti dúró, jẹnẹrétọ̀ ti jẹ epo, a ò sì tíì ya ohunkóhun. Ìwé kíkọ kò náni ju bírò lọ. Kí èèyàn kọ́kọ́ wo ibi iṣẹ́ kí ọjọ́ iṣẹ́ tó pé, kí ó gbọ́ bóyá ẹ̀rọ ìlọta wà nítòsí, kí ó bá ẹni tó ni ín sọ̀rọ̀, kí ó sì san owó ìdúró wákàtí mẹ́ta fún un, kò tó iye tí wọ́n ń ná láti padà wá tún ìran ya. Olówó kékeré gan-an ni ètò wúlò fún jù, nítorí pé kò ní owó tí yóò fi ṣàtúnṣe.

Àwọn òṣèré kan sì ń bẹ̀rù pé ìwé á pa ẹ̀bùn. Wọ́n ní adùn òṣèré Yorùbá ni ọ̀rọ̀ tó bọ́ sí i lẹ́nu lójijì, òwe tí kò sí nínú ìwé, àwàdà tí ẹnikẹ́ni kò rò tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ìṣúra wa sì ni. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá, tó ṣe Ọ̀run Móoru ní 1982, irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ ló ní. Àmọ́ ibo ni ẹ̀bùn yẹn ti lè tú jáde dáadáa? Níbi tí ọkàn òṣèré ti balẹ̀ ni. Òṣèré tí kò mọ ìgbà tí wọ́n máa pe òun, tí ebi ń pa, tí wọ́n ti tún mékọ́ọ̀pù rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mẹta nínú oòrùn, tó tún ń ṣọ́ ẹsẹ̀ nítorí wáyà iná tó wà nílẹ̀ gbangba, kò lè dá òwe kankan. Olùdarí tó mọṣẹ́ á ya ìran náà bó ṣe wà nínú ìwé ná, á wá sọ fún òṣèré pé, èyí tó kàn, ìwọ ni o ni ín. Kọntinúítì á sì kọ òwe tuntun náà sílẹ̀ kí wọ́n lè rí i mú bí kámẹ́rà bá yí sí apá kejì. Bí kò bá sí ẹni tó kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ni òwe náà á wáyé, kò sì ní ṣeé so mọ́ ohunkóhun.

Àwọn tó ní bí ikú bá ti wà lórí ẹni, kò sí ètò tó lè dá a dúró, n kò ní bá wọn fa ọ̀rọ̀ gùn. Awakọ̀ tó gbàgbọ́ nínú kádárá ṣì ń tẹ bíréèkì.

Kí ló wá kan Akínmọ̀ọ́rìn? Ó kàn yín nítorí pé abúlé àti ìlú bíi tiyín ni àwọn tó ń ya fíìmù ń wá báyìí. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ yìí kan náà, ní Igbójàyè ní Òkè-Ògùn, ni Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love, kọ́ abúlé fíìmù rẹ̀ sí, ibẹ̀ ló ti ya Aníkúlápó tó jáde lórí Netflix ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ìtàn ahunṣọ kan tó wọ ìlú Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́. Ìlú tó ní ilé alámọ̀, igbó, àgbàlá tó dákẹ́, tí kò sì jìnnà sí Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́, kò ní pẹ́ rí ọkọ̀ eléré lẹ́nu bodè. Èrè wà níbẹ̀ fún olóúnjẹ, fún káfíńtà, fún aránṣọ, fún ẹni tó ní yàrá láti fi háyà. Ṣùgbọ́n ọmọ ìlú náà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pè sí iṣẹ́ tó léwu jù tó sì kéré lówó jù, iṣẹ́ wákàpáàsì: sáré kọjá nínú ogun, ṣubú, dìde, tún ṣubú, láìwọ bàtà, nínú koríko tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò bóyá ìgò wà níbẹ̀.

Òfin ìjọba kò sì tíì dé ibẹ̀ tán. Àjọ tó ń yẹ fíìmù àti fídíò wò, tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀, fíìmù tó ti parí ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Wọn kì í sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń yìnbọn nínú igbó. Òfin ọdún 2010 lórí owó gbà-má-bìínú fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ wà, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ké sí lójú ọ̀nà láàárọ̀, tí kò fọwọ́ sí ìwé kankan, báwo ni yóò ṣe fi hàn pé òṣìṣẹ́ ni òun? Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003, tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà ti sọ di tirẹ̀, sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ọmọdé, síbẹ̀ a máa ń rí ọmọ kékeré nínú ìran òru tí ìyá rẹ̀ kò sí nítòsí. Àwọn ẹgbẹ́ òṣèré bíi TAMPAN lè bá ọmọ ẹgbẹ́ wọn wí. Wọn kò lè dáàbò bo ọmọ Akínmọ̀ọ́rìn tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Ìlú ló kù.

Àwọn kan lára yín lè máa rò pé bí ìlú bá ń béèrè ìwé, àwọn eléré á gba ìlú mìíràn lọ. Ẹni tó bá sá nítorí pé wọ́n béèrè ibi tí àpótí oògùn wà, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ẹni tó mọṣẹ́ ti ní ìwé náà lọ́wọ́ kí ẹ tó béèrè. Inú rẹ̀ á dùn pé ó dé ìlú tó mọ ohun tó ń ṣe, nítorí irú ìlú bẹ́ẹ̀ náà ló máa bá a dá ẹ̀rọ ìlọta dúró, tó máa bá a kó èrò ìwòran kúrò lójú kámẹ́rà, tó sì máa sọ fún àwọn ọlọ́pàá pé ìbọn tí wọ́n máa gbọ́ lálẹ́ kì í ṣe ti olè.

Nítorí náà, Kábíyèsí, ẹ̀yin àgbà, mo bẹ̀bẹ̀ pé kí ìgbìmọ̀ ìlú jókòó kọ ìwé àdéhùn kan, ojú ewé kan ṣoṣo tó, lédè Yorùbá, tí olùgbéjáde fíìmù yóò fọwọ́ sí kí wọ́n tó sọ ẹrù kalẹ̀. Kí orúkọ gbogbo ọmọ ìlú tó bá ṣiṣẹ́ wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú iye tí wọ́n máa san àti ọjọ́ tí wọ́n máa san án. Kí ó sọ pé ìbọn tó lè yin ọta kò gbọ́dọ̀ wọ ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù, ìbáà ṣe ṣakabùlà baba ọdẹ. Kí ó sọ pé ọmọdé kò ní ṣiṣẹ́ àfi lójú òbí rẹ̀, pé wọn kò sì ní wọ ojúbọ ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé àwọn tó ni ín fọwọ́ sí i. Kí ó dárúkọ ọkọ̀ tó máa dúró de aláìsàn àti ilé ìwòsàn tó máa gbé e lọ. Kí ó sì fún ọmọ ìlú tí wọ́n bá yàn ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé kò tíì yá, kí iṣẹ́ sì dúró. Àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń fẹ́ wá, nígbà tí òjò kò ní ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé.